Tákàdá Tí Ń Bẹ Lẹ́yìn Sítáǹpù

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Mọ́lété, Ìbàdàn



Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ sítáǹpù àtijọ́ ni a ó bá yín sọ, a mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ tí ó dúró ti èdè àti àṣà Yorùbá ní í ṣe pẹ̀lú ìwé pélébé tí òyìnbó ya orí ọba rẹ̀ sí. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì bí wa nínú. Ìdáhùn wa nìyí: orí ọba náà jẹ́ ti òyìnbó, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí sítáǹpù náà gbé lọ jẹ́ tiwa. Ìwé-ẹ̀rí owó tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ jẹ́ tiwa. Ilẹ̀ tí ìwé náà ń sọ nípa rẹ̀ sì jẹ́ tiwa pẹ̀lú.

Kò sí ìyá kan ní Ọjà'ba tàbí ní Ọjẹ́ tí ó mọ aṣọ tí yóò fi ojú lásán ra sányán. Yóò fi àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀ fọwọ́ pa á, yóò yí i sí òdì, yóò gbé e sí ojú oòrùn, bí ó bá sì ṣeé ṣe yóò fa òwú kan yọ ní etí rẹ̀. Àwọ̀ lè tan ojú jẹ, ṣùgbọ́n òwú kò mọ̀ bí a ti í purọ́ fún ìka tí ó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Èyí ni a fẹ́ kí á kọ́ láti máa ṣe sí sítáǹpù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa wo orí ọba, wọn a ka iye owó, wọn a sì sọ ọ́ sílẹ̀. Tákàdá tí a tẹ̀ ẹ́ lé ni wọn kì í wò, bẹ́ẹ̀ sì ni tákàdá náà ni ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Nínú àwọn ilé àtijọ́ ìlú yìí, láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnkà, títí dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, àpótí kan kì í ṣàìsí lábẹ́ ibùsùn baálé tàbí lórí àjà. Lẹ́tà àwọn ọmọ tí ó lọ ṣiṣẹ́ reluwé wà nínú rẹ̀, lẹ́tà tíṣà ìjọ wà nínú rẹ̀, ìwé owó-orí àti ìwé-ẹ̀rí owó ilẹ̀ náà kò sì ní ṣàìsí níbẹ̀. Ní àkókò yìí, irú ènìyàn méjì ni ó ń bèèrè àpótí wọ̀nyí. Èkínní ni oníṣòwò tí ó ń ra sítáǹpù, tí yóò fi sísọ́ọ̀sì gé igun àpò lẹ́tà, tí yóò sì sọ ìyókù nù. Èkejì ni ẹni tí ó ń wá ìwé àtijọ́ tí yóò fi jà fún ilẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí kò bá rí i, òmíràn nínú wọn lè fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ tákàdá lè dojú kọ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìtàn náà díẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1840 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ta sítáǹpù, èyí dúdú, oníkọ́bọ̀ kan, tí ó ní orí Ọbabìnrin Victoria. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti fi adé kékeré kan pamọ́ sínú tákàdá rẹ̀, kí oníjìbìtì má ba à lè rí irú tákàdá náà rà lọ́jà. Àwọn tí ó dá sítáǹpù sílẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn lè fín orí ọba, ṣùgbọ́n pé tákàdá ṣòro láti ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 1874 ni sítáǹpù Èkó jáde, ilé-iṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó sì tẹ̀ wọ́n. Ìbàdàn kò ní sítáǹpù tirẹ̀ rí. Lẹ́yìn àdéhùn tí àwọn ìjòyè wa bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 1893, tí reluwé sì dé Ìbàdàn ní 1901, sítáǹpù Èkó ni a mọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ní 1906 ni a so Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, sítáǹpù Gúúsù Nàìjíríà sì wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1914, oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìsopọ̀ Àríwá àti Gúúsù, ni sítáǹpù tí a kọ Nigeria nìkan sí lára jáde, pẹ̀lú orí Ọba George V.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú ìwé tí ó ní ọjọ́ 1909 wá, tí sítáǹpù Nigeria olórí Ọba George sì wà lára rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá awò. Ní ọdún náà, Nàìjíríà kan ṣoṣo kò tíì sí, George kò sì tíì jọba. Irú èké bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ọ̀lẹ. Ti ọlọ́gbọ́n ni ó ń fẹ́ kí á wo tákàdá.

Kí ni tákàdá? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sẹ́ ògì ti mọ̀ ọ́n tán kí á tó bẹ̀rẹ̀. Àkísà òwú àti ti ọ̀gbọ̀ ni a kọ́kọ́ ń fi ṣe é. A ó gún un, a ó lù ú nínú omi títí yóò fi di ohun kíkì bí ògì. A ó wá dà á sí orí asẹ́ onírin tẹ́ẹ́rẹ́, omi yóò jò lọ, ohun tí ó kù lórí asẹ́ yóò sì di abala tákàdá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àkísà kò tó mọ́, wọ́n mú koríko esparto láti Àríwá Áfíríkà àti ilẹ̀ Spain wọ inú iṣẹ́ náà, lẹ́yìn náà igi. Bí wáyà asẹ́ náà bá tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí òwú títa lórí òfì tí a kò tíì fi àhunpọ̀ sí, ipa wọn yóò hàn lára tákàdá bí ilà gbọọrọ gbọọrọ nígbà tí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Èyí ni a ó máa pè ní tákàdá onílà. Bí a bá hun wáyà náà wọ ara wọn bí aṣọ, tákàdá yóò dọ́gba, kò ní ní ilà. A ó máa pè é ní tákàdá aláìnílà. Sítáǹpù Èkó, ti Gúúsù Nàìjíríà àti ti Nàìjíríà lábẹ́ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, orí tákàdá aláìnílà ni a tẹ̀ wọ́n lé. Bí ẹnìkan bá wá sọ fún yín pé òun ní sítáǹpù Èkó orí tákàdá onílà, tí ó sì ń bèèrè owó gọbọi, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.

Nísisìyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn. Bí a bá fi wáyà ṣe àwòrán adé, tí a sì mú kí ó tẹ ògì tákàdá náà nígbà tí ó ṣì tutù, ibi tí wáyà bá tẹ̀ yóò fẹ́lẹ́ ju ìyókù lọ. Nígbà tí ó bá gbẹ, ojú kò ní rí i ní kíá, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, adé náà yóò yọ bí ẹni yọ láti inú kùrukùru. Èyí ni àmì-omi. A kò yà á sí orí tákàdá, a kò sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó bá tákàdá bí ni. Ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti fi kún un lẹ́yìn náà, tí kò sì ṣeé pa rẹ́.

Lára sítáǹpù Èkó ti 1874, àmì-omi náà jẹ́ adé kan pẹ̀lú lẹ́tà C méjì, tí ó dúró fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1882, lẹ́tà náà di C àti A, nítorí àwọn aṣojú ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù tí a ń pè ní Crown Agents ni ó ń pàṣẹ sítáǹpù fún ilẹ̀ wọ̀nyí. Nínú méjèèjì, sítáǹpù kọ̀ọ̀kan ní adé kan tirẹ̀. Ní 1904 ni ìyípadà ńlá dé. Wọ́n mú adé àti lẹ́tà C àti A, wọ́n sọ wọ́n di kékeré, wọ́n sì fọ́n wọn ká gbogbo abala tákàdá ní ìtòsí ara wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ibikíbi tí a bá gé sítáǹpù sí, ẹ̀yà adé díẹ̀ àti ẹ̀yà lẹ́tà díẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí sítáǹpù Èkó olórí Ọba Edward VII. Nínú ọdún 1904 kan náà ni ó ní adé kan ṣoṣo, tí ó tún ní adé púpọ̀. Orí kan náà, iye kan náà, àwọ̀ kan náà. Bí ẹ bá tò wọ́n síwájú ọmọ tí ó mọ̀wé jù lọ ní Ìbàdàn, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan àfi bí ó bá gbé wọn sí ojú fèrèsé.

Ní 1921 ni wọ́n tún yí i. Adé púpọ̀ náà wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà C àti A tí ó ti dúró ṣánṣán bí lẹ́tà inú ìwé títẹ̀ wá di èyí tí ó wà ní ìrísí ìkọ̀wé ọwọ́, tí ó tẹ̀ tí ó sì lọ́. Àmì yìí ni ó wà lára sítáǹpù wa láti ìgbà Ọba George V títí kan ti Ọba George VI, títí kan ti 1953 tí ó ní orí Ọbabìnrin Elizabeth pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960, nígbà tí a gba òmìnira, sítáǹpù tí ó jáde ní lẹ́tà F àti N nínú tákàdá rẹ̀, tí í ṣe orúkọ Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí ọjọ́ tí a sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ̀ pé ní ọjọ́ náà ni adé wọn kúrò nínú tákàdá sítáǹpù wa pẹ̀lú, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé rí i.

Báwo ni a ti í rí àmì-omi? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ láti ojú fèrèsé, kì í ṣe oòrùn ọ̀sán gangan tí ń ṣá àwọ̀. Ẹ fi ẹ̀mú pẹlẹbẹ mú sítáǹpù, nítorí ọwọ́ wa ní òógùn àti òróró, ẹ sì gbé e kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín. Bí kò bá hàn, ẹ dà á ní ìdojúbolẹ̀ sínú àwo dúdú kékeré. Dúdú náà yóò mú ibi tí ó fẹ́lẹ́ hàn. Àwọn tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà a máa kán bẹ́ńsíìnì tí a yọ́ mọ́ sí i, nítorí kì í tú gọ́ọ̀mù, ó sì máa ń gbẹ ní kíá. Ṣùgbọ́n iná ni bẹ́ńsíìnì, kò gbọdọ̀ súnmọ́ àtùpà tàbí sìgá, kí a sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà tí a bá ń lò ó. A sì bẹ̀ yín, kì í ṣe epo mọ́tò. Epo mọ́tò a máa fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára tákàdá tí kò ní lọ mọ́.

Lẹ́yìn àmì-omi, ojú tákàdá ni kí á wò. Láti nǹkan bí 1905 ni irú kan ti wọ inú sítáǹpù ilẹ̀ wa tí a ó máa pè ní tákàdá ẹlẹ́fun, nítorí ẹfun ni a fi pa á lójú bí a ti í fi ẹfun pa ògiri. Ìdí rẹ̀ kò ju jìbìtì lọ. Àwọn ènìyàn ń fọ òǹtẹ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ tàbí tàdáwà ìfọwọ́sí kúrò lára sítáǹpù tí a ti lò, wọ́n sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá fọ èyí tí ó wà lórí ẹfun, ẹfun náà yóò bá omi lọ, yóò sì mú orí ọba dání lọ. Nínú sítáǹpù Èkó olórí Ọba Edward, a rí ti orí tákàdá lásán, a sì rí ti ẹlẹ́fun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gúúsù àti ti Àríwá Nàìjíríà. Nígbà tí ó di 1914, wọ́n pín wọn ní ọ̀nà tí ó rọrùn láti rántí: sítáǹpù Nàìjíríà tí owó rẹ̀ kéré wà lórí tákàdá lásán, láti orí tọ́rọ́ lọ sókè sì wà lórí ẹlẹ́fun.

Ẹ gbé èyí tí ó jẹ́ tákàdá lásán sábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ ó rí i pé tàdáwà wọ inú rẹ̀ bí aró ti í wọ inú aṣọ, irun kéékèèké tákàdá náà yóò sì hàn. Lórí ẹlẹ́fun, tàdáwà jókòó sí òkè, ilà àwòrán mọ́ ketekete, bí ẹ bá sì yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, yóò dán fẹ́ẹ́rẹ́. Sítáǹpù ẹlẹ́fun tí omi ti kàn a máa ní ibi tí ó ti ṣá, bí ògiri tí òjò ti na ẹfun rẹ̀ dànù.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ní ìdánwò kan: wọn a fi etí fàdákà gidi ha igun sítáǹpù fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́fun, fàdákà náà yóò kọ ilà dúdú bí pẹ́ńsùlù. Bí ó bá jẹ́ tákàdá lásán, kò ní kọ nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣílè àtijọ́ nílé, ẹ kíyè sí ọdún rẹ̀. Ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1913, fàdákà gidi ni. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ ṣe é, ìyẹn kò sì wúlò fún ìdánwò yìí. Ṣùgbọ́n ní tòótọ́ a kò fẹ́ràn ìdánwò náà. Ilà tí fàdákà bá kọ kì í parẹ́, a sì ti rí sítáǹpù rere tí àpá wọn pọ̀ bí ti ẹni tí a fi abẹ kọ. Ẹ wá sítáǹpù tí ó ti ya tàbí tí ó ti bàjẹ́, kí ẹ fi ìyẹn kọ́ ojú yín lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ojú bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní wá fàdákà mọ́.

Ti àwọ̀ tákàdá kù. Nígbà Ọba George V, a kò fi tàdáwà nìkan mọ iye owó sítáǹpù, tákàdá pẹ̀lú ní àwọ̀ tirẹ̀. Tọ́rọ́ jẹ́ elése àlùkò lórí tákàdá àwọ̀ ìyeyè. Ṣílè kan jẹ́ dúdú lórí àwọ̀ ewé. Pọ́n-ùn kan, tí ó jẹ́ owó ńlá nígbà náà, jẹ́ elése àlùkò àti dúdú lórí tákàdá pupa. Ẹ yí wọn padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn. Nínú àwọn tí a tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí èyí tí ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, nítorí ojú nìkan ni a pa láró. Nínú àwọn tí ó tẹ̀lé e, àwọ̀ náà la tákàdá já. Ẹ̀yìn ti ṣílè kan nìkan tó láti mú ènìyàn jókòó di alẹ́: a rí funfun, a rí àwọ̀ ewé tí ó súnmọ́ aró, a rí àwọ̀ ewé tí ó dà bí ewé tí ó ti ń gbẹ, a sì rí àwọ̀ ewé tútù yọ̀yọ̀. Ogun àgbáyé kìíní ni ó jà láti 1914 sí 1918. Kí ogun náà tó dé, ilẹ̀ Jámánì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú aró tí àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, nígbà tí ọ̀nà sì dí, kò yẹ kí ó ya aláró ilẹ̀ Yorùbá kan lẹ́nu pé àwọ̀ kan kò jọ èkejì mọ́. Ẹni tí ó bá ti pa aró nígbà tí èlú wọ́n mọ̀ ọ́n dájú.

Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín fún wa ní pàtàkì. Èéfín àjà, epo pupa, òógùn ọwọ́ àti ọ̀rinrin òjò máa ń pa tákàdá funfun dà di àwọ̀ ìyeyè, àní di àwọ̀ obì. Ẹ wo inú ihò etí sítáǹpù náà, tàbí ibi tí ó ti ya díẹ̀. Aró a máa dọ́gba níbi gbogbo, ṣùgbọ́n èérí a máa pọ̀ níbì kan, a sì máa dín níbòmíràn.

A ti ń bọ̀ wá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àpèjúwe ni a fẹ́ ṣe, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni tí ó jókòó síhìn-ín. Ká ní a mú ìwé-ẹ̀rí owó ilẹ̀ kan wá tí ó ní ọjọ́ 1917. Sítáǹpù Nàìjíríà olórí Ọba George V wà lára rẹ̀. Ojú kò rí àléébù: George jọba láti 1910 dé 1936, sítáǹpù Nàìjíríà sì ti wà láti 1914. Àmọ́ ká ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà wá rí i nínú tákàdá pé lẹ́tà C àti A rẹ̀ jẹ́ ti ìkọ̀wé ọwọ́. Tákàdá náà kò sí lára sítáǹpù wa kí ó tó di 1921. Ẹnikẹ́ni kò lè lẹ ohun tí a kò tíì ṣe mọ́ ìwé. Yálà ọjọ́ tí a kọ sí ìwé náà kì í ṣe òótọ́, tàbí a lẹ sítáǹpù náà mọ́ ọn lẹ́yìn ọjọ́ náà, kí ẹni tí ó mú un wá sì ṣàlàyé.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yí ọ̀rọ̀ yìí padà sí òdì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí tákàdá sítáǹpù bá kéré jù fún ọjọ́ tí a kọ, ó tú èké fó. Bí ó bá bá ọjọ́ náà mu, kò tíì fi òtítọ́ múlẹ̀. Sítáǹpù 1915 ṣì wà lọ́jà lónìí, a lè rà á ní àárọ̀ kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà kí á wo àwọn ẹlẹ́rìí mìíràn. Ǹjẹ́ òǹtẹ̀ tàbí ìfọwọ́sí náà bẹ̀rẹ̀ lórí sítáǹpù kí ó sì kọjá sí orí ìwé láìgé? Ǹjẹ́ ilà kan náà ni, àbí ó fò ní etí sítáǹpù bí ọ̀nà tí afárá rẹ̀ ti wó? Ǹjẹ́ ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbó tó bẹ́ẹ̀?

Fún ìbéèrè tí ó kẹ́yìn yìí, ohun èlò kan wà tí kò jìnnà sí yín, àtùpà aláwọ̀ elése àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò ní bánkì. Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn tí ń ṣe tákàdá ti ń fi oògùn ìfunfun sínú rẹ̀, oògùn náà sì jẹ́ ìbátan èyí tí ó wà nínú ọṣẹ ìyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ. Ní inú òkùnkùn, lábẹ́ àtùpà náà, tákàdá tí ó ní i yóò tàn yòò bí ẹ̀wù funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Tákàdá ìgbà Ọba George V kò ní irú rẹ̀, ṣe ni yóò dúró ní ṣíṣú. Ìwé tí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ 1917 tí ó sì ń tàn bí ẹ̀wù ọjọ́ ìsinmi ní ẹjọ́ láti rò. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi ọṣẹ fọ ìwé àtijọ́ gidi lè mú kí òun náà tàn, ìdí mìíràn nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fọ nǹkan kan. A kì í ṣe agbẹjọ́rò, adájọ́ ni yóò sì dájọ́, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí ó bá mọ̀ pé ó yẹ kí á pe ẹni tí ó mọ tákàdá yàtọ̀ sí èyí tí kò mọ̀.

Ẹnìkan yóò béèrè pé báwo ni a ó ti rí àmì-omi sítáǹpù tí ó ti lẹ̀ mọ́ ìwé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣòro ní tòótọ́. Ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bó o nílé. Bí ẹ bá fi omi bó sítáǹpù ẹlẹ́fun, ẹ ti pa ẹ̀rí àkọ́kọ́, ẹ sì ti ya òǹtẹ̀ sí méjì, èyí tí í ṣe ẹ̀rí kejì. Ẹ wo ojú rẹ̀ lábẹ́ awò bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́fun tàbí lásán, ẹ wo àwọ̀ etí rẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ àtùpà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo débi pé àfi kí á bó o, iṣẹ́ àwọn tí a kọ́ ní ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ni, ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀.

Ní ti oníṣòwò tí ń gé sítáǹpù, a kò bá a jà; oúnjẹ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ni àpótí mọ ohun tí ó ń tà. Sítáǹpù tí a gé kò sọ ju pé a tẹ òun ní sáà kan. Sítáǹpù tí ó wà lórí àpò lẹ́tà rẹ̀, tí òǹtẹ̀ Ìbàdàn àti ọjọ́ rẹ̀ gba orí rẹ̀ kọjá, tí orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí sì wà nísàlẹ̀, ń sọ ẹni tí ó kọ̀wé, sí ta ni, láti ibo, ní ọjọ́ wo. Nígbà tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911, àwọn àgbà tí ojú wọn tó ọ̀pọ̀ nǹkan ṣì wà tí ó lè bi léèrè. Àwa tí a fẹ́ kọ ìtàn Ìbàdàn ti ìgbà reluwé àti ti kòkó kò ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Àpò lẹ́tà ni a ní, iye tí ó kù nínú rẹ̀ sì ń dín lójoojúmọ́.

Ẹ gbé wọn kúrò lórí àjà nítorí èéfín, ẹ má sì gbé wọn ti ògiri nítorí ọ̀rinrin àti ikán. Àpótí irin tí a gbé lé bíríkì dára. Ẹ fi tákàdá mímọ́ la àárín wọn, ẹ má fi rọ́bà dì wọ́n, ẹ má fi sẹlotépù lẹ ibi tí ó ya. Ohun tí ó ń lẹ̀ nínú rẹ̀ yóò di àbàwọ́n àwọ̀ obì láàrin ọdún díẹ̀. Bí ẹbí kan bá rí i pé àpótí náà ju agbára àwọn lọ, ilé ìkówèépamọ́sí ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì yẹ kí á lọ bèèrè níbẹ̀ kí á tó ta nǹkan kan.

A ti tẹ́ sítáǹpù mẹ́tàdínlógún sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: ti Èkó aládé kan àti ti aládé púpọ̀, ti Nàìjíríà aláwọ̀ ewé pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀yìn rẹ̀, àti àwọn ẹlẹ́fun méjì tí omi ti bàjẹ́. Awò méjì ni ó wà, àwo dúdú sì wà ní ọwọ́ ọ̀tún. A bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin àgbà kọ́kọ́ súnmọ́ ibẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó lọ.